Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ẹni Tó Fẹ́ Yí Iṣẹ́ Padà Rìn

Ní Èkìtì, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, tàbí tí iṣẹ́ ọ̀hún sú u, kì í ṣe ọ́fíìsì kankan ló kọ́kọ́ ń gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n kan ló máa lọ bá, tàbí ìyàwó pásítọ̀, tàbí tíṣà rẹ̀ àtijọ́, tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Yóò jókòó, yóò rojọ́, ẹ ó sì fèsì pé, “Á dáa, lágbára Ọlọ́run.” Kò sí aburú nínú àdúrà. Àmọ́ bí “àmín” bá ti parí, tí onítọ̀hún dìde, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa: ojú ẹni tó wá gba nǹkan, tí kò sì tíì rí i gbà ni.

Ohun tó kù yẹn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Lọ́dún 1998, Martin Seligman jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà èèyàn, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wá ohun tó ń da ọkàn èèyàn rú, àwọn ò sì wá ohun tó ń mú ọkàn dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní positive psychology gbilẹ̀ láti ìgbà náà. Bí a bá mú un wá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ohun tó ń sọ kò ju èyí lọ: ẹ má fi “kí ló ṣe tí iṣẹ́ fi bọ́?” bẹ̀rẹ̀, ẹ fi “kí ló máa ń yọrí sí rere tó bá ti kan ọwọ́ yín?” bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ran èèyàn lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní kóòṣì. Kóòṣì kì í gbé èèyàn pọ̀n. Ó ń bá a rìn ni, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú láti ràn lọ́wọ́, bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni. Wọ́n bi mí pé, “Kí ni kí n fi owó yìí ṣe?” Ẹnu yá mi. Mo ní ẹja àrọ̀, torí pé ẹnì kan tí mo mọ̀ ń rí owó nídìí rẹ̀ nígbà náà. Bàbá gbẹ́ kòtò, wọ́n ra ọmọ ẹja, wọ́n ra oúnjẹ ẹja. Oṣù kẹrin ni wọ́n pè mí pé kí n wá wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe léfòó. Níbi tí a dúró sí létí omi yẹn ni wọ́n ti sọ fún mi, wọn ò tiẹ̀ gbóhùn sókè, pé láti kékeré ni àwọn ò ti lè gba òórùn ẹja sára. N ò bi wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù ẹnu mi bí ẹnì kan bá ti ní kí n gba òun nímọ̀ràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ṣàdéhùn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ó rí ara yín. Ìpàdé mẹ́fà, wákàtí kan kan, ọ̀sẹ̀ méjì láàárín, máa ń tó. Ẹ sọ bóyá owó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ sọ pé ẹ ò ní bá a wá iṣẹ́, ẹ ò sì ní sọ ohun tó máa ṣe fún un.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ má sì fi ṣeré. Adó kò tóbi. Ẹni tó ta ewédú fún yín láàárọ̀ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni tó jókòó níwájú yín nírọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe é ní ìsọ̀ ẹnikẹ́ni ní Ọjà Ọba, ẹ má sì ṣe é lẹ́yìn ìsìn tí gbogbo èèyàn ṣì ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá tó ní ilẹ̀kùn, tàbí abẹ́ igi níbi tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́, ti tó.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ bá jù yín lọ, ìbéèrè “kí lẹ fẹ́ gan-an?” lè dún bí ìwọ̀sí sí i létí. Mo máa ń sọ pé, “Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ kí n máa béèrè bí ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan.” Àwọn àgbà máa ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n á sì ṣàlàyé ohun tí wọn kì bá ṣàlàyé. Bí ẹ̀yin lẹ bá dàgbà jù ú lọ ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló le. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í já àgbà níyàn. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ni yóò fi “bẹ́ẹ̀ ni, mà” gbà. Bí ẹ bá ti gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni, mà” lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ẹ dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó sọnù

William Bridges, ará Amẹ́ríkà kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àyípadà, pín ìrìn yìí sí mẹ́ta: òpin ohun àtijọ́, àárín tí kò gbóná tí kò sì tutù, àti ìbẹ̀rẹ̀ tuntun. Òpin ló fi ṣáájú. Ẹni tí kò bá tíì sin òkú iṣẹ́ àtijọ́ kò ní lè fi ọkàn kan wo èyí tó ń bọ̀.

Lọ́dọ̀ wa níbí, owó oṣù nìkan kọ́ ló ń lọ. Orúkọ ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní “Mọ́mì Báńkì” láti ọdún mẹ́wàá, kí ni kí wọ́n máa pè é báyìí? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ondó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ọ̀pọ̀ wọn ti lo ọdún 35 wọn tán tàbí kí wọ́n ti pé ọmọ 60 ọdún. Ẹnì kan nínú wọn sọ fún mi pé ohun tó dun òun jù lọ ni pé òun ò ní ibi tí òun ń kánjú lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè mọ́.

Torí náà, ìpàdé àkọ́kọ́ lódindi, ẹ gbọ́ ni. Ẹ béèrè pé, “Kí lẹ máa ṣàfẹ́rí jù níbẹ̀?” Ẹ má sọ pé “ẹ ṣáà máa dúpẹ́”. Ọpẹ́ ní àkókò tirẹ̀. Bí ó bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí onítọ̀hún kò sùn, tí kò jẹun, tí ohunkóhun kò dùn mọ́ ọn, ẹ bá a wá dókítà. Bí ó bá sọ pé ìbá sàn kí òun má sí láyé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Iṣẹ́ kóòṣì dópin níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ẹ̀bùn tí kò mọ̀ pé ẹ̀bùn ni

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni mo rí i pé èèyàn máa ń fò jù.

Christopher Peterson, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, àti Seligman to ìwà rere mẹ́rìnlélógún jọ lọ́dún 2004: ìforítì, ìgboyà, ìfẹ́ ẹ̀kọ́, àánú, òtítọ́, àwàdà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àkójọ ìbéèrè kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, VIA lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, tó máa ń to àwọn ìwà wọ̀nyí fún èèyàn láti èyí tó lágbára jù lọ. Ó wúlò fún ẹni tó mọ̀wé tó sì ní dátà. Ní tèmi, ìtàn ni mo ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ ní kó sọ ìtàn mẹ́ta fún yín: ọ̀kan láti ibi iṣẹ́, ọ̀kan láti ibòmíràn, ọ̀kan láti ìgbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ tí nǹkan dùn mọ́ ọn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ ni kó sọ. Bó ṣe ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀. Ẹ má kọ “tíṣà”, ẹ kọ “ó ṣàlàyé”. Ẹ má kọ “akáúńtáǹtì”, ẹ kọ “ó rí ibi tí owó ti ń jò”.

Obìnrin kan wà tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe tíṣà nílé ìwé aládàáni kan. Owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ìdajì, nígbà tó yá kò dé mọ́. Ó ní òun fẹ́ máa ta òkìrìkà. Kí ló dé tó jẹ́ òkìrìkà? Gbogbo èèyàn ló ń tà á. Ẹja àrọ̀ rú yọ lọ́kàn mi. Mo ní:

“Àǹtí, ẹ sọ ọjọ́ kan fún mi tí iṣẹ́ dùn mọ́ yín débi pé ẹ gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.”

Ó dákẹ́, ó wo òkè àjà. Ọ̀rọ̀ kíláàsì ni mo ń retí.

“Ọjọ́ tí mo tẹ̀lé bàbá mi lọ kún fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì wọn ni.”

Ó ní àwọn àgbàlagbà tò lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn mìíràn ò rí ìwé kà mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń jágbe. Ó kún ti bàbá rẹ̀ tán. Bàbá tó wà lẹ́yìn wọn ní kó jọ̀ọ́ bá òun wo tòun. Kó tó mọ̀, èèyàn mẹ́sàn-án ló ti kún un fún. Ìyá kan wà nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé kan yàtọ̀ sí ti orí ìwé kejì, lẹ́tà kan péré. Òun ló rí i kí wọ́n tó dá ìyá náà padà sí Ọ̀mùò. “Ilẹ̀ ti ṣú ká tó délé. Ebi ò pa mí.”

Mo ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún un: ó fara balẹ̀, ó ṣàlàyé, ó rí àṣìṣe, kò fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń dàpàrá.

“Ṣé ìyẹn náà tún wá ń jẹ́ iṣẹ́ ni?”

Gbólóhùn yẹn, tàbí èyí tó jọ ọ́, ni kí ẹ máa dẹ etí sí. Ohun tó bá rọ èèyàn lọ́rùn, kì í kà á sí ẹ̀bùn. Ó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má yìn ín. Ìyìn máa ń jẹ́ kí ọmọ Èkìtì tijú, kó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ kàn ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún un, kí ẹ sì dákẹ́.

Bí ó bá ń ṣiyèméjì, ẹ ní kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ta lórí WhatsApp: “Jọ̀ọ́, ìgbà wo ni mo wúlò fún ọ jù?” Kí wọ́n fi ohùn dá a lóhùn. Mo ti rí ọkùnrin tó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin níwájú mi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Túsídè kan lọ́dún márùn-ún sí i

Laura King, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2001. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ nípa ìgbésí ayé wọn lọ́jọ́ iwájú bí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ, ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin léra wọn. Inú àwọn tó kọ ọ́ dùn ju ti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kọ nǹkan mìíràn.

Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbí, ilé alájà mẹ́ta àti jíìpù ni wọ́n máa kọ. Ẹ ní kó kọ ọjọ́ Túsídè kan tí kò sí ayẹyẹ kankan níbẹ̀. Aago mélòó ló jí? Ohùn ta ló kọ́kọ́ gbọ́? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago mẹ́wàá? Ta ló ń dúró dè é? Ẹni tí kò fẹ́ kọ̀wé lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Obìnrin yẹn gba tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ Yorùbá ilé ìwé: “ulé mi”, “uṣẹ́ mi” ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má tún irú rẹ̀ ṣe. Níbi tí èdè ilé bá ti yọ, òótọ́ ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìrètí nílò ọ̀nà

Charles Snyder, tó kọ́ni ní Yunifásítì Kansas, sọ pé ìrètí ju ìmọ̀lára lọ. Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di ìrètí: ibi tí à ń lọ, ọ̀nà tí a lè gbà débẹ̀, àti ìgbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ wa lè rìn ín. Ìkejì ló máa ń sọnù. Èèyàn mọ ibi tó ń lọ, ó gbàdúrà, ó gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀, ọ̀nà ọ̀hún sì ti dí. Àwọn baba wa ti sọ èyí kí Snyder tó sọ ọ́: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ ibi tó ń lọ sókè pátápátá. Ẹ ní kó wá ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ má sì gbà bó bá dúró sí méjì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló máa ń jẹ́ kí orí ṣiṣẹ́. Ibi tí tíṣà wa ń lọ ni pé kó máa bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù. Ó kọ pé òun lè lọ jókòó ti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé. Pé òun lè lọ bá àwọn àgbà ìjọ òun. Ìkẹta, tó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún wá, ni pé òun lè máa lọ bá àwọn tí kò lè jáde mọ́ nílé wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ohun tó lè dènà ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Peter Gollwitzer, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ará Jámánì, fi hàn nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1999 pé ẹni tó bá ti sọ ṣáájú pé “bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe” máa ń ṣe ohun tó ní lọ́kàn ju ẹni tó kàn ní òun máa gbìyànjú. Kó kọ ọ́ ní gbólóhùn. “Bí iná bá lọ, màá kọ ohun tó yẹ sórí ìwé, màá sì tẹ̀ ẹ́ bí iná bá dé.” “Bí ẹnì kan bá fẹ́ fún mi ní nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì rẹ̀, màá ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.” Èyí tó le jù fún un ni: “Bí òbí ọmọ tí mo kọ́ bá rí mi níbẹ̀, tó ní ṣé ibí lẹ wá wà báyìí, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ẹ ní fọ́ọ̀mù?” Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ ọ́ tán. Mo mọ̀ nígbà náà pé ìtìjú ni òkè gidi tó wà níwájú rẹ̀. Owó kọ́.

Ní ti ẹsẹ̀ tó máa rìn, ẹ bi í pé ìgbà wo ló ti jáde nínú irú wàhálà báyìí rí, àti pé kí ló ṣe nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìdánwò kékeré

Kó fi Sátidé mẹ́rin dán ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà wò. Owó ọkọ̀ nìkan ni kó ná. Kò gbọ́dọ̀ yá owó, kò gbọ́dọ̀ gba yàrá, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó kọ èèyàn mélòó ló wá, èló ló wọlé, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tó délé.

Ti obìnrin yìí: Sátidé àkọ́kọ́, èèyàn méjì, ẹnì kan ò sanwó. Ìkejì, òjò. Ìkẹta, méje. Ìkẹrin, mẹ́jọ, méjì nínú wọn ní kó wá sílé àwọn. Níwájú ìkejì ó kọ “ó rẹ̀ mí”; níwájú ìkẹta ó kọ “ó rẹ̀ mí, ó dùn”. Ìyàtọ̀ gbólóhùn méjèèjì yìí ju iye owó tó wọlé lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, kó máa kọ ohun rere mẹ́ta sílẹ̀ lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Seligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2005, wọ́n sì rí i pé ayọ̀ tó mú wá ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ ṣọ́ra níbí o: wọ́n á rò pé ẹ̀rí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lẹ́yìn ohun rere kọ̀ọ̀kan, kó kọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, àti ipa tí ọwọ́ òun náà kó níbẹ̀. “Ọlọ́run ṣe é” ò burú, àmọ́ kó fi ìlà kejì kún un.

Bí ìdánwò bá fi hàn pé kò yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ìtìjú. Amy Wrzesniewski àti Jane Dutton, olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lọ́dún 2001 nípa àwọn tó ń tọ́jú ìmọ́tótó ilé ìwòsàn: àwọn kan nínú wọn ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n ń ran àwọn tó wá kí aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n sì ka ara wọn mọ́ àwọn tó ń wo àìsàn sàn. Iṣẹ́ kan náà ni, wọ́n kàn tún un gé bá ara wọn mu bí ẹni tún aṣọ gé lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹ béèrè pé: kí lẹ lè fi kún iṣẹ́ yìí, kí lẹ lè dín kù, ta lẹ lè máa bá ṣe é?

Ìgbésẹ̀ keje: Àwọn ará ilé

Ẹ pe ọkọ tàbí ìyàwó sí ìpàdé kan, pẹ̀lú àṣẹ onítọ̀hún. Ọ̀rọ̀ ìwé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ilẹ̀ tó ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn ni ilẹ̀ wa. Bàbá tó ta kòkó rán ọmọ lọ sí yunifásítì kò fẹ́ rí ọmọ náà nídìí fọ́ọ̀mù. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí onítọ̀hún mú ìwé Sátidé mẹ́rin jáde, kó kà á fún wọn fúnra rẹ̀. Ọkọ tíṣà wa gbọ́ tán, ìbéèrè tó béèrè kò ju “ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó èló?” lọ.

Ìpàdé ìkẹyìn

Ẹ má fi kún un bí ẹ̀ẹ̀kẹfà bá ti pé, àfi tó bá jẹ́ pé ohun tuntun yọjú. Ẹ dá gbogbo ìwé tó kọ padà fún un, tirẹ̀ ni. Ẹ bi í pé kí ló máa ṣe bí oṣù burúkú bá dé, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ wá pè é lórí fóònù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Mo pe tíṣà wa ní nǹkan bí aago mọ́kànlá láàárọ̀. Mo gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, mo sì gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan tó ń pe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní méjì méjì. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ló wí, “ẹ jẹ́ n pè yín padà. Bàbá kan wà níwájú mi.”